Ohun Tó Ń Pa Máṣíìnì Yín Lójú Ọ̀nà Ìdèrè

Bàbá mi àtàtà,

Ọwọ́ mi ń rùn bẹntiróòlù bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, kò lọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe máa ń rùn láyé ọjọ́un, tí Màmá á ní kí ẹ lọ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí òun lè gbádùn oúnjẹ òun. Mo máa ń rò pé ẹ ò fọwọ́ dáadáa ni. Ẹ má bínú, mo ti wá mọ̀ báyìí pé òórùn yẹn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

N ó lọ tààrà sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin yín, Màmá ò tíì fẹsẹ̀ kan oko. Yàrá, ẹ̀yìnkùlé, ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún padà sí yàrá. Koríko ti bo ẹ̀gẹ́ yín mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo ti Ìbàdàn wá sí Ìgbó-Ọrà fún ọdún Àjíǹde, àbúrò yín, Bàbá Kúnlé, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní àwọn kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́pọ̀ yanturu ń wá ilẹ̀ yá, pé wọ́n ń bọ̀ wá wo oko wa tó wà lẹ́yìn Ìdèrè ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí Màmá bá fojú hàn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n rin ààlà, ọ̀rọ̀ di tiwọn. Bí Màmá ò bá wá, ẹbí á fa gbogbo ilẹ̀ náà lé àwọn àlejò lọ́wọ́.

Ẹ mọ àṣà wa níhìn-ín, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹni tó bá ní òun ló ni ilẹ̀ kì í fẹnu sọ ọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Á rin ààlà ẹ̀ yípo lójú àwọn tó bá a pààlà. Bí ẹni tó ni ín ò bá rìn ín, ẹlòmíràn á bá a rìn ín. Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ ṣán igbó yẹn nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra yín, ẹ ò sì fi igun ẹ̀ han ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi Délé wà lókè òkun, orí fóònù ló ti ń ṣe àrẹ̀mọ. Èmi, ẹ rán mi lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣòwò. Mo lè sọ fún yín bí ẹrù ṣe ń ti Ìbàdàn dé Kánò láì sọ páálí kan nù, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí oko bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò fi hàn mí, Bàbá? Àbí ẹ rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú?

Bàbá Kúnlé kì í ṣe ọ̀tá wa, mi ò fẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ tó wà lásán, ìjà ló máa ń bí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà ò fẹ́ràn ohun tó wà lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pé kí èèyàn yá ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni pé kí wọ́n yá a lé e lórí.

Mo wọlé lọ bá Màmá, mo ní kí wọ́n múra, Sátidé la ń lọ oko. Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń béèrè òṣùpá. Ẹ rántí ọlọ́kadà tó gbé wọn ṣubú ní oríta Ìdèrè nígbà tí mo wà níléèwé gíga, tí orúnkún ọ̀tún wọn ò fi ká dáadáa mọ́. Wọ́n lè fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dà parí sí jìnnà sí oko, mọ́tò mi ò sì lè gba ojú ọ̀nà tóóró yẹn. Ẹ̀yin lẹ ń gbé wọn lọ, tí ẹ ń gbé wọn bọ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà jó irin gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máṣíìnì yín, kí ẹsẹ̀ tí kò ká yẹn lè nà gbalaja lórí ẹ̀. Mo yá máṣíìnì tuntun kan ládùúgbò, mo ní kí wọ́n gùn ún wò. Ẹsẹ̀ náà ń fì dirodiro bí okùn kànga. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ọ̀pá wọn.

"Ẹsẹ̀ mi ò mọ èyí," wọ́n ní. "Gbé ti bàbá rẹ dìde, mo máa bá ọ lọ. Bí kò bá dìde, kí wọ́n máa gbé ilẹ̀ wọn lọ."

Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo pe ibi iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn, mo ní kí wọ́n má retí mi lọ́sẹ̀ yẹn.

Yàrá ẹ̀yìn ni máṣíìnì yín wà, níbi tí ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Rónkẹ́, ń kó láfún wọn sí. Eruku ti bò ó. Ìdérí táńkì ẹ̀ ti sọ nù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi di ẹnu ẹ̀. Mo tú aṣọ náà dànù láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ọ̀rá di ẹnu táńkì, mo sì ní kí wọ́n lọ bá mi pe mẹkáníìkì. Ràṣídì ló wá, ọmọ ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Ìsàlẹ̀, ẹni tó máa ń kí yín ní "Bàbá Onímáṣíìnì Àtijọ́" tí ẹ bá ń kọjá. Ó yí i ká, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní ohun tó yẹ kí wọ́n gbé sínú gíláàsì ni. Mo ní èmi ò ní gíláàsì, Sátidé ni mo ní.

A bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ kíìkì títí itan fi ń ta mí, kò dáhùn. Ràṣídì tú púlọ́ọ̀gì, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí iná rárá. Ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́, ó fi sáńpépà ha ibi tí iná ti ń ṣẹ́, ó ra púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Iná búlúù ta bí ojú ológbò. Ìṣòro àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, inú mi dùn. Mo po epo bí ẹ ṣe máa ń pò ó, bẹntiróòlù àti ọ́ìlì nínú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ràṣídì ń wò mí, ó ní máṣíìnì ayé ìsinsìnyí kì í mu àdàlù mọ́. Mo ní èyí ò mọ̀ pé a ti wà láyé ìsinsìnyí.

Ó wúkọ́. Ó tú èéfín. Ó kú.

Kábúrétọ̀ ló kàn. Nígbà tí a tú u, epo àtijọ́ ti gbẹ sínú ẹ̀ bí àtè. Ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà yọ sí ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, ti dí pátápátá, ẹ ò lè fi í wo oòrùn. Ràṣídì fa ẹyọ wáyà kan yọ lára okùn kílọ́ọ̀ṣì tó ti já, ó fi gún un. A gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà, ó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. A dá a padà. Mo tẹ kíìkì, ó sì gbà. Bàbá, ó dún. Ohùn yẹn gan-an, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò sín. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n dúró síbẹ̀.

Mo gùn ún jáde. Ẹ ò gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lórí pápá iléèwé, tí àwọn ọkùnrin ń bi yín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ṣe, tí ẹ ní ó fẹ́ máa gùn ún ni. Mo kọjá ilé epo, mo kọrí sí ọ̀nà Ìdèrè. Nígbà tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà kí èèyàn tó rí àpáta, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó kú. Mo tì í padà sílé nínú oòrùn. Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní kí n kú iṣẹ́, ó ní ṣé èmi ni mo ń gbé máṣíìnì ni àbí máṣíìnì ló ń gbé mi. Ìbéèrè ẹ̀ tọ̀nà.

A tún tú kábúrétọ̀. Nísàlẹ̀ abọ́ kékeré tí epo ń dúró sí, mo rí nǹkan funfun kan, kíki, bí ògì. Ràṣídì ní omi ló bá epo, tó ń jẹ irin. Jẹ́ẹ̀tì tún ti dí. A gún un, a fẹ́ ẹ, a dá a padà. Ó dún dáadáa nínú ọgbà. Mo gbé e jáde, ó kú níbi tó kú sí tẹ́lẹ̀ gan-an, bí ẹni pé ó mọ òkúta tó fẹ́ kú sí.

Ràṣídì wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà. Ó gbé kábúrétọ̀ máṣíìnì mìíràn sí i, epo ń ṣàn jáde bí ẹ̀rọ omi. Ó tún yọ ọ́. Ó fẹ́ yí wáyà, ó fẹ́ yí sàlẹ́ńsà, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín èyí, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó lọ kírun, ó lọ gba ìpè. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ẹ mọ ìwà mi. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ń sọ fún mi ni pé kí n jẹ́ kí omi hó kó tó di pé mo da èlùbọ́ sí i. Mi ò gbọ́ nígbà náà, mi ò sì gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó dọ̀sán Tọ́sìdeè, Ràṣídì nu ọwọ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìnnì yìí, ká gbé tuntun wọ̀ ọ́. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Mo ní Màmá á mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Mo ní kó jókòó. Mo ní láti ìsinsìnyí, nǹkan kan la ó máa fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan, a ó sì wo ohun tó bá yí padà ká tó fọwọ́ kan òmíràn. Kò bínú. Ó ní ìyàwó òun náà máa ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Mo wá rò ó bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ ẹrù. Bí ọjà bá ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ní fífọ́, ó lè jẹ́ pé oníbàárà ni kò mọ̀ ọ́n gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fún un ní tuntun, tí tuntun tún fọ́, tí òmíràn tún fọ́, a kì í dúró sí ọ̀dọ̀ oníbàárà bá a jà mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí là ń padà sí. A ti fọ kábúrétọ̀ títí ó fi ń dán. Ohun tó ń dí i ń tọ̀ ọ́ wá láti ibòmíràn ni. Mo ní kí Ràṣídì yọ ọ̀pá ike tó ti táńkì wá sí kábúrétọ̀, kó sì jẹ́ kí epo dà sínú ìgò omi ike, ká rí i. Ó ní asẹ́ kékeré tó yẹ kó wà lẹ́nu ẹ̀rọ táńkì náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti yọ ọ́ láyé àtijọ́. Ẹ̀yin ni, àbí? Ẹ máa ń ní asẹ́ yẹn ń fa epo yín sẹ́yìn.

Epo náà ṣàn sínú ìgò. A gbé e sílẹ̀ kó fara balẹ̀. Nígbà tó yá, lókè, ó mọ́ bí ojú. Nísàlẹ̀, funfun jókòó bí ẹ̀kọ.

"Omi ni," Ràṣídì ní.

Mo ní omi kì í funfun báyìí. Àsìkò yẹn ni Ìyá Rónkẹ́ ń ti orí àpáta bọ̀ níbi tí wọ́n sá láfún sí, atẹ́ lórí. Wọ́n dúró tì wá, wọ́n ní àwọn ò tíì rí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tí kò mọ́ rí. Wọ́n rí ìgò. Wọ́n gbé atẹ́ sílẹ̀. Ràṣídì rọra da epo tó mọ́ kúrò lórí ẹ̀, Ìyá Rónkẹ́ ti ìka bọ ohun tó kù, wọ́n fi àtàǹpàkò rá a, wọ́n gbé e sún mọ́ imú.

"Láfún ni."

Ràṣídì rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín.

"O ń rẹ́rìn-ín? Kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń jọ láfún. Àní láfún ni. Ó kúnná pàápàá, ó jọ tèmi."

Bí wọ́n ṣe sọ "ó jọ tèmi" tán, wọ́n nu ìka wọn. Wọ́n yíjú wo táńkì. Wọ́n wo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ ìjọ̀-láfún wọn sí. Ó hàn lójú wọn kó tó hàn lẹ́nu. Wọ́n wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí a sin yín, nínú èrò yẹn, ẹnì kan mú ìdérí táńkì lọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n kí alángbá má kó sí i, kí nǹkan àbúrò àwọn má bàjẹ́. Wọ́n mú ọ̀kan nínú aṣọ tí wọ́n fi ń jọ láfún, wọ́n fi dì í. Nígbà òjò, tí wọn ò lè jọ láfún níta, inú yàrá yẹn náà ni wọ́n ti ń jọ̀ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Aṣọ tí a fi ń jọ láfún, Bàbá. Kí ni iṣẹ́ ẹ̀ bí kò ṣe kó jẹ́ kí èyí tó kúnná kọjá?

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Ẹ mọ irú ẹnu tí mo ní. Mo rò ó pé a ti fi ọjọ́ ṣòfò, pé Sátidé ti dé tán, pé nítorí aṣọ. Lẹ́yìn náà mo rí Ìyá Rónkẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ nu ẹnu táńkì yín, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Gbogbo wa tí a kẹ́kọ̀ọ́, tí a ní mọ́tò, tí a ní fóònù, nínú wa kò sẹ́ni tó tilẹ̀ rí i pé ìdérí táńkì yín ti sọ nù.

Ìyá Rónkẹ́ fúnra wọn ló sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. "Oúnjẹ kankan ò wu àbúrò mi tó láfún," wọ́n ní. "Ó mà jọ pé máṣíìnì ẹ̀ ti jogún ẹnu ẹ̀."

Ràṣídì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà tẹ̀ lé e, Ìyá Rónkẹ́ ń rín títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú. Màmá jáde wá béèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí a sọ fún wọn, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ jókòó ti Ìyá Rónkẹ́, wọ́n gbọwọ́ lé wọn lẹ́yìn. Wọn ò jọ jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

A yọ táńkì. A da gbogbo epo inú ẹ̀ nù, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú bẹntiróòlù tuntun, a mì í. Ìyá Rónkẹ́ ò gbà kí Ràṣídì mì í. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń mì í bí ẹni ń rẹ ọmọ, wọ́n ń bá a wí pé kó pọ gbogbo ẹ̀, kó má ṣẹ́ nǹkan kan kù. A dà á, a tún mì í, títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Ràṣídì wá asẹ́ kékeré fún ẹnu ẹ̀rọ táńkì, ó wá ìdérí tó bá a mu lára máṣíìnì àlòkù kan ní Ẹ̀rúwà. Ó lọ fúnra ẹ̀, kò kírun pẹ́, kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ kankan.

Ní Fúráìdeè, mo gbé e jáde lémi nìkan. Mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Mo ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹ̀yin ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí i. Ó gùn ún. Mi ò dúró. Mo kọjá Ìdèrè, mo kọjá Ayétẹ̀, mo ń lọ títí mo fi rí ọjà Tápà, mo yí i padà níwájú àwọn tó ń di iṣu, mo sì tún gùn ún wálé. Ohùn mi ti há, mi ò mọ̀ pé mo ń pariwo.

Màmá jáde láàárọ̀ Sátidé, aṣọ oko ni wọ́n wọ̀. Kì í ṣe aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá Rónkẹ́ di máṣíìnì mú, Màmá gun ẹ̀yìn mi, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí irin yẹn, mo gbọ́ bó ṣe jókòó síbẹ̀. A lọ. A kọjá ilé epo. Nígbà tó yá, mo gbọ́ wọn létí mi:

"Bàbá rẹ kì í sáré báyìí."

Mo dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. A tún lọ díẹ̀.

"Kì í sì í falẹ̀ báyìí."

Kí wá ni, Bàbá? Báwo lẹ ṣe ń gùn ún tí ẹ fi ń tẹ́ obìnrin yìí lọ́rùn?

Bàbá Kúnlé ti wà lóko, àwọn àlejò ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, àwọn tí a jọ pààlà náà ti dé. Gbogbo wọn gbọ́ máṣíìnì kí wọ́n tó rí wa. Mo rí Bàbá Kúnlé tó dìde dúró, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀. Màmá kí wọn, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọ̀pá síwájú, wọ́n wọ inú koríko. A tẹ̀ lé wọn. Wọn ò yára, wọn ò sì ṣìnà. Níbi tí kò sí ẹni tó rí nǹkan kan, wọ́n á fi àdá gbá koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́, pérégún ààlà á yọjú. Wọ́n á dárúkọ ẹni tó wà lódì kejì, ẹni náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a dé ibi tí Bàbá Kúnlé rò pé ààlà parí sí, Màmá kọjá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà odò. Igun kan ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò mọ̀.

Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, Bàbá. Mo ti mọ bí n ó ṣe lé àwọn àlejò náà lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Màmá ò tilẹ̀ wò mí. Wọ́n dúró sáàárín ilẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá fa ìlà.

"Láti ibí lọ sókè, èmi ni mò ń dá a. Láti ibí lọ sódò, agbára mi ò ká a mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, ọwọ́ mi ni yóò ti gbà á, ọdọọdún ni yóò sì máa wá bi mí."

Àwọn àlejò wo Bàbá Kúnlé. Bàbá Kúnlé ṣí fìlà.

"Ẹ ti gbọ́ ọ," wọ́n sọ fún àwọn àlejò. "Ìyá Délé ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀." Wọ́n wá yíjú sí Màmá, wọ́n ní kí wọ́n kú ewu ọ̀nà.

Inú bí mi díẹ̀, kí n má parọ́. Mo fẹ́ kí a mú gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo rò ó lójú ọ̀nà, mo rí i pé èmi ì bá jà fún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní ro. Ṣé bí Màmá ṣe máa ń bá yín sọ ọ́ nìyẹn, ní ìdákẹ́jẹ́, tí àwa ọmọ sì rò pé ẹ̀yin lẹ ń pinnu gbogbo nǹkan?

Mo ti sọ fún wọn ní Ìbàdàn pé n ó máa wálé ní Sátidé láti gbé Màmá lọ oko. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá ẹlòmíràn tó lè kó ẹrù ẹ̀ bíi tèmi.

Kí a tó kúrò lóko, Màmá gé ẹ̀ka pérégún kan, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní kí n gbìn ín síbi tí àwọn fa ìlà sí. Mo gbẹ́lẹ̀, mo gbé e sí i, mo fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ bò ó. Wọ́n ní kì í ṣe ọwọ́, kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀ ẹ́ yípo. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi títí ilẹ̀ fi le. Wọ́n wá pe àwọn tí a jọ pààlà, wọ́n ní kí wọ́n wò mí dáadáa, kí wọ́n mọ ojú mi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí kò tíì dẹ́kun àtimáa fẹ́ràn yín.